Ta Ni Yóò Gbé Agungi Sọ̀kalẹ̀?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi ìpàtẹ àwọn olùtọ́jú igi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà, ọjà ni yóò kọ́kọ́ kún ojú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgégi Stihl àti Husqvarna tò lọ rẹrẹ lápá kan, ayùn ọwọ́ Silky láti Japan wà lápá kejì, okùn aláràbarà rọ̀ sórí irin, ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀ka igi di ẹ̀rúnrún ń bú ramúramù. Ọwọ́ á fẹ́ ná owó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹni tó ń fi gígun igi jẹun, tó sì ń múra àtilọ síbẹ̀, ìbéèrè kan ni mo máa ní kó dì mọ́ ẹrù rẹ̀: bí nǹkan bá ṣe mí lókè, báwo ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe máa gbé mi sọ̀kalẹ̀? Ẹni tó bá lè dá a lóhùn, tó sì lè fi hàn án, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó dúró sí. Ẹni tí kò bá lè dá a lóhùn, bó ti wù kí ọjà rẹ̀ dán tó, kó kọjá lára rẹ̀.

Gígun igi kì í ṣe àjèjì sí wa. Igbà ni adẹ́mu àti àwọn tó ń kọ ẹyìn fi ń gun ọ̀pẹ: igbà gba ẹ̀yìn ẹni, ó gba ara igi, ẹni náà á fẹ̀yìn tì í, á fi ẹsẹ̀ ti ọ̀pẹ, á sọ igbà sókè, á sì tún gbé ẹsẹ̀. Okùn kúkurú tí agungi òyìnbó fi ń gba ara igi mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ọ̀pẹ kò lẹ́ka. Ẹni tó gun igi ẹlẹ́ka ní láti rìn jáde lọ sí ìpẹ̀kun ẹ̀ka, kó rẹ́ ibi tó yẹ, kó padà sí àárín, kó tún kọjá sí òdìkejì, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì ráyè ṣiṣẹ́. Nítorí náà okùn tó wá láti òkè orí rẹ̀ ló ń gbé e. Ẹ̀ka kàn ń fún ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi ìtẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo bí okùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Agungi á kọ́kọ́ ju okùn tín-ín-rín kan, tí àpò kékeré tó wúwo wà lẹ́nu rẹ̀, gba ibi tí ẹ̀ka tó lágbára ti ya kúrò lára igi. Okùn yìí ni yóò fi fa okùn ìgungi gan-an kọjá níbẹ̀, èyí tó sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 11 sí 13. Ọ̀nà méjì ló wá ṣí sílẹ̀ fún un. Nínú ọ̀nà àtijọ́, okùn ń yí bí agungi ti ń lọ sókè: ẹsẹ̀ okùn kan so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì fi kókó kan di ẹsẹ̀ kejì mú. Ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ kókó yìí. Bó bá gbé ara lé e, á fún okùn pinpin. Bó bá fi ọwọ́ fa orí kókó wálẹ̀, á dẹ̀, agungi á sì máa sọ̀. Karl Prusik, ará Austria tó máa ń gun òkè, ló gbé ọ̀kan nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ jáde ní 1931, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ọ̀pọ̀ agungi ti fi irinṣẹ́ bíi ZigZag tí ilé iṣẹ́ Petzl ṣe rọ́pò kókó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀.

Nínú ọ̀nà kejì, okùn kì í yí. Wọ́n lè so ẹsẹ̀ kan rẹ̀ mọ́ ìdí igi, kí agungi máa gun ẹsẹ̀ kejì lọ. Ó yá, kì í sì í tètè rẹni, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ìṣirò kan wà níbẹ̀ tí ẹni tí kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í rò. Ẹ̀ka tí okùn gbà kọjá kò gbé agungi nìkan. Ẹsẹ̀ okùn tí wọ́n so mọ́ ìdí igi náà ń fà á wálẹ̀. Bí agungi àti ẹrù ara rẹ̀ bá wọn kílò 90, ohun tó ń tẹ ẹ̀ka yẹn lè súnmọ́ 180. Ẹ̀ka tó gba èèyàn kan lè máà gba méjì. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí kan náà ní àǹfààní ńlá fún ìbéèrè wa. Bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ so okùn mọ́ ìdí igi dípò kí wọ́n kàn ta á ní kókó, tí okùn tó ṣẹ́kù sì gùn tó, ẹni ìsàlẹ̀ lè máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí agungi tó dákú lókè á fi balẹ̀, bí ẹ̀ka kankan kò bá dí i lọ́nà. Kò ní gun nǹkan kan. Irú nǹkan báyìí ni mo fẹ́ kí agungi lọ wò ní ìpàtẹ, kó dì í mú, kó tú u, kó tún un so, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́.

Ní Britain, ẹ̀kọ́ tó ń sọni di agungi ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń pè ní CS38. Gígun igi àti gbígba ẹni sílẹ̀ lórí igi ni wọ́n so pọ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CS39, tí í ṣe lílo ẹ̀rọ ìgégi lórí okùn, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìyẹn gbọ́dọ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ náà lórí ilẹ̀ kó tó gbé e lọ sókè. Olùkọ́ kọ́ ló ń ṣe ìdánwò. Ẹlòmíràn tí kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ló ń wá wò ó. Mo fẹ́ràn ètò yìí gidigidi, nítorí olùkọ́ tó ti bá ọmọ rìn láti òwúrọ̀ Mọ́ńdè lè ṣàánú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, igi kò sì ní ṣàánú ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ń kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì tó bá iṣẹ́ inú igbó mu, bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ tó ń tú yàà dúró, bí a ṣe ń ṣe ẹni tí igi tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọgbẹ́ tí ẹ̀rọ ìgégi dá sílẹ̀ kò dà bí ti àdá: eyín rẹ̀ ń fa ẹran ya ni. Bó bá kan iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

Òfin wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí iṣẹ́ ibi gíga jáde ní 2005, ó sì béèrè pé kí ẹni tó ń fi okùn ṣiṣẹ́ ní okùn méjì tí ìsopọ̀ wọn dá dúró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn agungi fi ń lo ẹyọ kan, wọ́n ní igi kì í ṣe ògiri ilé, pé okùn kejì á máa lọ́ mọ́ ẹ̀ka. Ní ìparí 2019, àjọ tó ń ṣọ́ ààbò níbi iṣẹ́, HSE, sọ ọ́ gbangba pé òfin náà kan agungi pẹ̀lú. Àríyànjiyàn tó tẹ̀ lé e kò kéré. Àwọn tó ti lo ogún ọdún lórí okùn kan bínú, mo sì lóye ìbínú wọn, ṣùgbọ́n HSE ló jàre. Ayùn tó gé okùn kan kò tíì gé èkejì. Òfin mìíràn tó jáde ní 1998, tí wọ́n ń pè ní LOLER, ní kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yẹ gbogbo irinṣẹ́ tó ń gbé èèyàn sókè wò fínnífínní ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní ibi ìpàtẹ, a máa ń rí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí. Kí agungi lọ bá wọn ju àwọn ọlọ́jà lọ. Ẹni tó bá ti yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn wò mọ ibi tí okùn ti máa ń gbó, ó mọ ìkọ́ irin tó máa ń jẹ, ó sì lè fi ìka rẹ̀ rìn lórí okùn kó dúró sí ibi tí inú rẹ̀ ti rọ̀, kó tó di pé ojú rí ohunkóhun.

Ìpàtẹ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ẹgbẹ́ Arboricultural Association ti Britain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ló ni Arb Show, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ti ṣe é ní Westonbirt ní Gloucestershire, ọgbà tí Robert Holford bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi sí ní 1829. Igi gidi wà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi irinṣẹ́ hàn á so ó rọ̀ láàárín ewé. Ìpàtẹ APF, tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì ní Britain bákan náà, tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ti igbó àti pákó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní Augsburg ní Jámánì, àpérò ńlá máa ń wáyé lọ́dọọdún nígbà tí òtútù bá ti lọ, wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn agungi nìkan, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n sọ hàn lórí okùn. Ti Amẹ́ríkà ni TCI EXPO, tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: ó ti dé Pittsburgh, ó ti dé Baltimore, ó ti dé Charlotte. Ẹgbẹ́ tó ni ín wà láti 1938. Nítorí pé inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n máa ń gbé igi gidi kalẹ̀ sáàárín ilé, kí agungi lè gùn ún lójú gbogbo èèyàn.

Apá tí èmi kò ní jẹ́ kó fo ẹnikẹ́ni ru ni ìdíje gbígba ẹni sílẹ̀. Ó wà lára ìdíje gígun igi ti gbogbo àgbáyé tí ẹgbẹ́ International Society of Arboriculture (ISA) bẹ̀rẹ̀ ní St. Louis ní 1976, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń kópa níbẹ̀ lónìí. Ìdíje yòókù dùn ún wò: wọ́n ń ju okùn sókè, wọ́n ń sáré gun igi, wọ́n ń ti ẹ̀ka kan dé òmíràn láti fi ayùn lu agogo tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀ka jù nígbà tó ń rìn lórí rẹ̀, ìró kan á jáde, máàkì á sì lọ. Ṣùgbọ́n nínú ti gbígba ẹni sílẹ̀, ère tó tó èèyàn ní gígùn àti ní ìwúwo ni wọ́n fi kọ́ sórí igi, pẹ̀lú bẹ́líìtì àti akoto lára rẹ̀. Wọ́n á sọ fún olùdíje ohun tó ṣẹlẹ̀ sí “ẹni” náà, wọ́n á tẹ aago, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ní.

Ẹ wo ohun tí ẹni tó mọṣẹ́ máa ń ṣe. Kì í sáré. Ó dúró lórí ilẹ̀, ó gbójú sókè, igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ṣé wáyà iná wà nítòsí? Ṣé ẹ̀ka tó ṣẹ́ ṣì rọ̀ sókè, tó lè já lé òun lórí? Ṣé ẹ̀rọ ìgégi ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni náà? Ó pariwo pe ẹni náà, bóyá á dáhùn. Ó rán ẹnìkan pé kó pe ọkọ̀ pàjáwìrì, kó sì sọ ibi tí wọ́n wà gan-an. Lẹ́yìn èyí ni yóò yẹ okùn tó fẹ́ gùn wò, á fi ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n lórí ilẹ̀ kó tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tó bá dé òkè, ó ń bá ère náà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: mo ti dé, má mira, ọwọ́ mi ló wà léjìká rẹ yìí. Ó ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ó so ẹni náà mọ́ ara rẹ̀, ó wo ìkọ́ irin bóyá ó tì, ó tún un wò, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ohun tó gbé ẹni náà kọ́. Wọ́n á jọ máa sọ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí kókó, èkejì ń ti ẹ̀ka kúrò níwájú ojú ẹni náà. Àwọn adájọ́ ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin parí iṣẹ́ ṣùgbọ́n tó jẹ́ kí orí ère gbá ẹ̀ka lè pàdánù lọ́wọ́ ẹni tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún pé.

Ìdí tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú ni pé ẹni tó rọ̀ sínú bẹ́líìtì láìmira wà nínú ewu, àní bí kò tilẹ̀ fara gbọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè dúró sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má tó dé ọkàn àti ọpọlọ. Àwọn panápaná máa wá, ṣùgbọ́n àkàbà wọn kì í sábà wọ ẹ̀yìnkùlé, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló mọ bí a ṣe ń rìn nínú ẹ̀ka igi. Ẹni tó wà nítòsí tó sì mọ iṣẹ́ náà ni àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lárọ̀ọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́: ìwọ lo máa gun òkè wá mú mi, okùn rẹ nìyí, irinṣẹ́ rẹ nìyí. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa kó ẹ̀ka, tí kò gun igi rí, a jẹ́ pé kò sí ètò ìgbàlà kankan.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ti okùn nìkan. Igi alára ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ibi àpérò sì ni ó ti ń tàn ká. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń rẹ́ igi gbà pé kí ojú ibi tí wọ́n gé dọ́gba pẹ̀lú ara igi ló dára, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn ún. Alex Shigo, onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ igbó ti ìjọba Amẹ́ríkà, mú ẹ̀rọ ìgégi, ó sì la igi tó pọ̀ láti wo inú wọn. Ó rí i pé ọgbẹ́ igi kì í san bí ọgbẹ́ ara. Igi máa ń mọ odi yí ibi tó bàjẹ́ ká ni, á wá dàgbà bò ó. Ní ìdí ẹ̀ka, ibi kan wà tó wú bí ìdè ọrùn ẹ̀wù. Ibẹ̀ ni odi náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gé e kúrò ti wó odi igi, ọ̀dà kò sì ran ohunkóhun lọ́wọ́. Shigo rin káàkiri, ó ń la igi níwájú àwọn òṣìṣẹ́ títí wọ́n fi gbà. Ó kú ní 2006, ṣùgbọ́n agungi tó mọ ibi tó yẹ kí ayùn gbà lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Bákan náà ni bàtà onírin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gun igi: igi tí wọ́n fẹ́ gé lulẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gun igi tí wọ́n fẹ́ kó wà láàyè ń gún un ní ọgbẹ́ láti ìdí dé orí.

Ọ̀rọ̀ àìsàn igi tún ti yí iṣẹ́ náà padà. Ní 2012 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn tó ń pa igi áàṣì ti wọ Britain; kòkòrò kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí lágbègbè Detroit ní 2002 sì ń pa irú igi yìí kan náà ní Amẹ́ríkà. Áàṣì tó ti kú máa ń gbẹ, á sì máa ṣẹ́ láìkìlọ̀. Ẹ̀ka tó dà bíi pé ó le lè já lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí èyí, ọkọ̀ tó ní apá gígùn tí òṣìṣẹ́ ń dúró sínú garawa rẹ̀ ti gba àyè púpọ̀ sí i níbi ìpàtẹ, ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń mọ igi tí kò yẹ kéèyàn gùn rárá sì ti di kòṣeémánìí.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀rí ISA kì í ṣe ohun tí èèyàn gbà lẹ́ẹ̀kan kó fi kọ́ ara ògiri títí ayé. Ọdún mẹ́ta péré ni agbára rẹ̀ fi ń wà, ẹni tó gba ti olùtọ́jú igi sì gbọ́dọ̀ kó wákàtí ẹ̀kọ́ 30 jọ láàárín rẹ̀ bí kò bá fẹ́ tún ìdánwò ṣe. Jíjókòó síbi àpérò wà lára ohun tó ń kà. Ètò yẹn ló ń lé àwọn àgbà tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n tán padà sórí àga, ìgbà tó sì dára jù láti kọ́ nǹkan tuntun ni kó tó di pé wọ́n nílò rẹ̀ lórí igi.

Nílé wa ńkọ́? Ní Èkó, àjọ LASPARK ni ìjọba fi sídìí ọ̀rọ̀ igi, ẹni tó bá fẹ́ gé igi gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àṣẹ yẹn dáàbò bo igi. Ẹni tó máa gun dòńgóyárò tàbí igi fúrúùtù náà ńkọ́, tó mú àdá dání, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán, tí wáyà iná sì gba àárín ẹ̀ka kọjá? Àwa tí a ń pè é wá sí ẹ̀yìnkùlé wa máa ń ná owó iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tó kéré jù, a kì í sì í bi í léèrè ẹni tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ ká máa bi í. Bí a bá fẹ́ kó ra okùn àti akoto, owó tí a ń san gbọ́dọ̀ tó o rà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Manchester tàbí Houston, tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín gba òṣìṣẹ́ síbẹ̀, ẹ má rán agungi nìkan lọ sí ìpàtẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi èkejì fún ẹni ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n gun igi kan tí kò ga, kí wọ́n jọ ṣe ìgbàlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n sì tún un ṣe ní oṣù tó ń bọ̀.